Ọta Tó Ń Ṣíwájú Ìró Rẹ̀

Ní ọdún kejì tí mo dé Manchester, agency tó ń wáṣẹ́ fún mi rán mi lọ sí ilé kan ní Dobcross, abúlé orí òkè kan. Iṣẹ́ care ni, mo sì ń sùn síbẹ̀. Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ti dàgbà gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú, orí wheelchair ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, kí òtútù má baà pa á.

Èmi náà kò ríbi lọ. N kò ní mọ́tò, Ardwick nínú Manchester lọ́hùn-ún ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi wà. Nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà, ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò lè dé. Mo wà nínú ilé náà bí adìẹ tí wọ́n fi agbọ̀n dé mọ́lẹ̀.

Ọdẹ àgbọ̀nrín ni bàbá nígbà tó lágbára. Wọ́n ti ta àwọn ìbọn rẹ̀, àmọ́ àwọn èèpo idẹ ọta tó ti yìn ṣì kù nínú agolo kan. Ó máa ń to méjì síwájú mi bí a bá jẹun tán. Èjìká ọ̀kan, níbi tí idẹ ti ń tín-ín-rín lọ sẹ́nu, rọ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó rẹ̀. Ara èkejì gún, èjìká rẹ̀ sì gbé sókè. Ó ní èyí tó gbéjìká yìí ń gba ẹ̀tù ju èkejì lọ, ọta rẹ̀ ń yára, kì í tètè wálẹ̀ bó bá ń lọ sọ́nà jíjìn. Àbùkù rẹ̀ ni pé iná rẹ̀ máa ń jẹ inú páìpù ìbọn.

Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” nìkan ni mo máa ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé ọdẹ ni bàbá mi náà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣakabùlà ló ń lò. Ó bi mí bí ẹran ṣe ń jìnnà sí bàbá mi tó kó tó yìnbọn. Mo nawọ́ sí ògiri kíṣìnnì. Ó gbé idẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n sọ bó ṣe ń sún mọ́ ẹran tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ bí bàbá mi ṣe ń fàyà fà nínú koríko, tí kì í fi ọṣẹ wẹ̀ lọ́jọ́ ọdẹ kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, bàbá ní, “Gbé mi jáde. Mo fẹ́ kí o rí bí ẹran ṣe ń jìnnà sí èmi.”

Mo kọ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn kọjú sógiri, kò sì mu tíì. Lọ́jọ́ kejì mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo tì í dé géètì. Ó nawọ́ sí ògiri òkúta kan lókè lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn àgùntàn ti rí bí hóró ìrẹsì.

“Ọta mi á ti bá ẹran níbẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ìbọn.”

“Kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbí, sà.”

“Kò ní mọ̀.”

Nígbà tí mo ní ká wọlé, ó di irin géètì mú. A dúró síbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kú fún òtútù.

Aládùúgbò kan rí wa, ó sọ fún ọmọ bàbá. Ọmọ náà kò pariwo lórí fóònù. Ó ní ẹni tó lè kọ̀ fún bàbá òun lòun ń fẹ́, ó sì ní kí agency wá ẹlòmíràn. Bàbá di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, inú mi dùn débi pé ojú tì mí, torí èmi nìkan ni mo jáde.