Ọjọ́ Tí Sójà Mú Bùrọ̀dá Mi

Títí n ó fi kú, n ò ní gbàgbé ọjọ́ tí sójà mú bùrọ̀dá mi, Ràṣídì, ní Duala níbi tí a ń gbé. Ìlú ń gbóná nígbà náà. À ń ṣe ìhámọ́ra aláwọ fún eré ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo ní kí a fi okùn dè é.

"Rárá, bọ́tìnnì àtẹ̀pa ni, èyí tó ń ṣí bí a bá fà á, kí n lè tètè bọ́ ọ," Ràṣídì dáhùn.

A fi òòlù kàn án mọ́ awọ. Ó wọ̀ ọ́ síta láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ni ìbọn bá dún. Sójà kan di ìhámọ́ra náà mú lẹ́yìn, ó ń fi ìdí ìbọn gbá a lójú.

"Bùrọ̀dá, ẹ já a!"

Bọ́tìnnì ṣí, ìhámọ́ra kù sọ́wọ́ sójà, Ràṣídì sáré wọlé.

Ìyá wa ti ilẹ̀kùn, ó ń nu ẹ̀jẹ̀. Ojú òsì Ràṣídì fọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó yè, a kò sin ín.