Eyin Tí Kò Ní Àmì

Ìgbín ni gbogbo ayé ń pe akunlé yìí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá ni, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá lóòótọ́. Bí ẹ bá ní kó wá kun yàrá kan, á kọ́kọ́ dojú agolo ọ̀dà òfìfo kan dé sáàrin yàrá, á jókòó lé e, á máa wo ògiri, á máa wo ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀, títí onílé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti wà lára rẹ̀ kó tó di akunlé, kó tó mọ ìrìn pàápàá. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ìdí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà.

Ìgbín kì í fi orúkọ tí wọ́n kọ sára agolo pe àwọ̀. Ó ní ìyẹn dà bí orúkọ inú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ nínú ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ wọ́n lórúkọ: Ojú Oorun, Inú Àwo, Omi Ọṣẹ, Ẹsẹ̀ Adìyẹ, Ọ̀sán Àìkú. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, nínú áàpù ìkọ̀wé kan tó rọrùn bí ìwé àjákọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bó bá tẹ orúkọ àwọ̀ tó wà lójú ìwé ilé, ojú ìwé àwọ̀ náà á ṣí, á sì rí iye ife funfun àti iye ṣíbí dúdú tó fi pò ó. Gbogbo àmì ohùn ló máa ń fi sí i, tòkè tìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìka méjì péré ló fi ń tẹ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé kó tó kọ “ọ̀sán” tán, ilẹ̀ á ti ṣú.

Kọ̀ǹpútà náà kú lọ́jọ́ kan, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀. Orí bá a ṣe é, ọmọbìnrin rẹ̀ ti da gbogbo àkọsílẹ̀ náà sórí fláàṣì kékeré kan tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ra kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí i, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n ìran mìíràn ni. Ìran méjèèjì mọ ara wọn, wọn ò kí ara wọn. Áàpù àtijọ́ náà kò sí lórí èyí rárá.

“Dádì, ẹ wá òmíràn,” ọmọ náà wí lórí fóònù. “Ó pọ̀ níbẹ̀.”

“Òkúta náà pọ̀ lójú ọ̀nà,” Ìgbín dáhùn. “Ṣé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé?”

Ó wá a ṣá. Èyí àkọ́kọ́ kò jẹ́ kó kọ lẹ́tà kan kó tó bi í pé kí ni àfojúsùn rẹ̀ fún ọdún yìí. Ìgbín ronú títí, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ kun ògiri. Áàpù náà ní kó yan ọjọ́ tí yóò parí. Ìgbín pa á dé. Ìkejì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò rán an, èyí tí kò bá sì lè yí padà, á fi ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀ bí olùkọ́ tí inú ń bí. Ìkẹta yára, ó mọ́ tónítóní, kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì mì láàrin ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ nígbà tó tò wọ́n jáde, kò sí àmì ohùn kan lórí wọn mọ́, kò sì sí àmì ìsàlẹ̀ kankan mọ́. Ìgbín rí i, ó ní kò burú. Ṣebí báyìí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ̀wé, tí ọkàn ẹni tó ń kà á á sì máa bá wọn fi àmì sí i.

Ẹ̀gbọ́n ń gbé lọ́dọ̀ Ìgbín, nínú yàrá tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Ìgbín ló kun yàrá náà fún un ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tó fi iṣẹ́ ìfọṣọ sílẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ìrántí rẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó gbàgbé bóyá òun ti jẹun. Ó tó ọdún kan tó ti pe Ìgbín ní Ìgbín gbẹ̀yìn. “Ọ̀gá” ló ń pè é, ó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn náà mú wá, “ẹ” yẹn ló dun Ìgbín jù. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà yìí bá ti wọ yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án, tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, tó kọjú sí ògiri, ara rẹ̀ á balẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, “Mo ti délé.”

Nígbà tí òjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan rọ̀, òrùlé jò. Omi wọnú ògiri, ọ̀dà wú, ó bó. Ìgbín wà níbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn arẹ́lé wá. Wọ́n ha ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé sìmẹ́ǹtì, wọ́n tún un rẹ́, wọ́n sì gbá èérún àtijọ́ dànù pátápátá. Fọ́tò wà o, àmọ́ akunlé tó bá gbọ́n kì í gba ẹ̀rí fọ́tò lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n ti ń di ẹrù. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, á kó kóòmù, ẹsẹ̀ bàtà kan àti ìborùn sínú báàgì.

“Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ mú mi relé.”

“Ilé lẹ wà yìí, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ilé kọ́ nìyí. Ẹ má tàn mí. Wọ́n ń retí mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá a títí. Ìkòríta tí ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá ni wọ́n ti rí i, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tó ń bi àwọn awakọ̀ léèrè ọ̀nà ilé. Ìyàwó Ìgbín kì í ṣe ìkà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Ẹkún ló fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

“Dádì, bí wọ́n bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, àá ní láti mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Mi ò fẹ́ ká lọ gbé òkú wọn lójú títì.”

Ìgbín rántí pé ọjọ́ tí wọ́n ha ògiri ni ẹrù dídì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó wá ojú ìwé náà jáde: *Yara Egbon: awo eyin*. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ojú ìwé ṣí: funfun ife mẹ́fà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ṣíbí kan, àwọ̀ ilẹ̀ ìdajì ṣíbí. Ẹyin ni, èèpo ẹyin adìyẹ. Ó pò ó, ó sì fi ọjọ́ méjì kùn ún. Ó dára, kò sí àní-àní, yàrá náà rí bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

“Ilé yìí mà dára o,” ló wí. “Ẹ bá mi kí onílé.” Ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ obìnrin kan ránṣẹ́ pe Ìgbín pé kó wá tún yàrá ọkọ òun kùn, kó lo àwọ̀ tó lò níjọ́sí. Ìgbín wo kọ̀ǹpútà: *yara oko: eeru dudu*. Ó gbé ọ̀dà tó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ. Bí obìnrin náà ṣe ṣí agolo, ẹ̀rín pa á.

“Ẹ gbà mí o! Yàrá ọkọ̀ lẹ kun báyìí nígbà yẹn, ibi tí mọ́tò ń sùn. Ọkọ tèmi ńkọ́? Ṣé kí n máa bu epo fún òun náà ni?”

Ìgbín bá a rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín dé ìdajì, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó lórí agolo. Eyin! Eyin mélòó ló ní? Ẹyin wà, tí adìyẹ ń yé. Eyín wà, tó fi kun yàrá ìdúró dókítà eléyín. Ó dá a lójú pé ẹ̀kẹta wà, ṣùgbọ́n kò wá sọ́kàn rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra ni. Áàpù yẹn ti ṣí wọn ní fìlà, ó bọ́ wọn ní bàtà, ó wá rí ẹni mẹ́ta tó jọra, ó ní kí ẹyọ kan máa gbé, kí méjì máa lọ. Ọkàn òun ló sì fi àmì sí èyí tó kù. Inú bí i sí áàpù náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Ìgbín kò tún gba áàpù kankan gbọ́ mọ́ láì dán an wò. Ó ń wá wọn ní àárọ̀, ó ń wá wọn ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀dà léèékánná. Ìdánwò kan náà ló ń fún gbogbo wọn. Á kọ “ọ̀sán”, á pa á dé, á tún un ṣí. Ọ̀kan dá “osan” padà fún un. Òmíràn dá àpótí kéékèèké mẹ́ta padà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti di ẹrù. Òmíràn ní kó kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá. Ìkẹjọ ni ó wá kàn án. Kò ní ọ̀ṣọ́, kò kí i, kò bi í ní nǹkan kan. Ojú funfun ni, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín kan tó ń ṣẹ́jú. Ìgbín kọ “ọ̀sán”, ó pa á dé, ó jáde lọ mu omi, ó padà wá ṣí i. Ọ̀sán ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i pé ẹ kú ilé.

Ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Àwọn ojú ìwé náà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń tò wọ kíláàsì, fìlà lórí, bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹyin wọlé. Eyín wọlé. Ó wá ti Ẹ̀gbọ́n: *Yàrá Ẹ̀gbọ́n: àwọ̀ ẹ̀yìn*.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ife níbẹ̀, kò sí ṣíbí. Ìlà kan péré ni: *Kò ní òṣùwọ̀n. Mo dijú, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mo pò ó.*

Ìgbín dijú. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Aṣọ onílé aṣọ ni ọmọbìnrin náà ń fọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìgbín sì wà. Nígbà tó tó ẹni tó ń rìn, kò rìn. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á ké títí wọ́n á fi tún un pọ̀n. “Ìgbín lèyí, èmi ni ìkarahun rẹ̀,” lẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí. Aṣọ kan ṣoṣo ló ní fún iṣẹ́, búlúù tí ọṣẹ àti oòrùn ti ń bù jẹ lójoojúmọ́, tí kì í ṣe búlúù mọ́, tí kò sì tíì di funfun, tí òógùn sì ti fi eérú díẹ̀díẹ̀ sí láàrin èjìká méjèèjì. Gbogbo ohun tí Ìgbín rí láyé fún bí ọdún mẹ́ta kò ju aṣọ yẹn lọ. Orin tó ń kọ, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìgbín fi ń gbọ́ ọ. Nítorí kò lè rí ojú ọmọ tó pọ̀n, á máa béèrè láìbojúwẹ̀yìn, pé ṣé o ti sùn? Ọmọ náà tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé òun ò tíì sùn.

Ìgbín pò ó lójú dídì, ó ń lajú díẹ̀ wò ó, ó tún ń dijú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka gbogbo ife àti ṣíbí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí ó ti fojú rí bí ìrántí ṣe ń lọ. Ó kun ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì ṣáájú. Ó ní kí wọ́n dúró kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù máa ń ṣókùnkùn ju bó ṣe máa rí lọ.

Oòrùn ń rẹlẹ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Ìgbín di ọwọ́ mọ́ ẹnu. Ìyá àgbà náà wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ kóòmù, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí níbi tó máa ń wà. Ìgbín gba òdì kejì bẹ́ẹ̀dì, ó rọra jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí ilẹ̀.

“Ìgbín,” ni obìnrin náà wí, kò bojú wẹ̀yìn. “Ṣé o ti sùn ni?”

Akunlé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta dijú. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi nù ún lẹ́ẹ̀kan.