Oyin Ìkómọ Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń gun àpótí kí ọwọ́ mi tó lè tó orí pẹpẹ, yàrá kan ṣoṣo ni bàbá mi háyà ní Mushin. Ibẹ̀ ni pálọ̀, ibẹ̀ náà ni à ń sùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, ilé ìdáná kan lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi. Bí mo bá dé, màá fi eérú fọ ìkòkò, màá nu gíláàsì àtùpà, màá lọ ata lórí ọlọ. Ìgbà tí mo bá ṣe é tán ni mo tó lè lọ ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì. Ọmọ tó bá sì ṣẹ̀, ó mọ ohun tó ń dúró dè é: ẹsẹ̀ kan sókè, ìka kan nílẹ̀, títí òógùn á fi máa kán sórí sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbọn, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá dúdú ló ń ṣe tà. Á da ṣúgà sínú páànù, á jẹ́ kó yọ́, kó pọ́n, kó tó da omi àgbọn lé e. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bó bá ṣe tán, á ní kí n fi ìka nu ìdí páànù. Mo jókòó tì í títí iṣẹ́ náà fi mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi, Morẹ́nikẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa wẹ ọmọ. Ó gbé oyin tí wọ́n máa fi kọ́mọ jáde dání, ìgò dúdú kan tó kún dẹ́nu, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi dí i. Ó ní òun kò lè fi oyin Èkó kan ọmọ òun lẹ́nu. "Omi ṣúgà ni wọ́n ń tà fún yín níbí," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ìgò náà sórí pẹpẹ, lẹ́yìn àwo.

Ẹ má bi mí bí ọwọ́ mi ṣe débẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìka kan ni. Oyin náà ki, ó ní òórùn èéfín díẹ̀, ó sì máa ń ta mí lọ́fun bó bá ń sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìka méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, mo gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, ìkómọ sì ku ọ̀túnla.

Ẹ rò ó wò, kí ni ọmọdé á ṣe? Mo mú nínú ṣúgà tíì bàbá mi, mo yọ́ ọ nínú páànù bí Ìyá Alágbọn ti ń ṣe, mo fi omi gbígbóná là á. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti oyin mu rẹ́gí. Nígbà tó tutù, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo gbọ̀n ọ́n pọ̀, mo fi ṣùkù dí i padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, wọ́n to iyọ̀, obì, omi àti oyin kalẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ti ìka bọ oyin, ó fi kàn án lẹ́nu. Ó ní, "A kì í fi oyin sẹ́nu ká pòṣé. Ayé rẹ á dùn, kò ní korò." Gbogbo ilé ṣe àmín. Òun náà wá fi ìka lá a. Ó tún un lá, ó wo ìgò. "Ooru Èkó yìí mà ti ba oyin mi jẹ́." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Díẹ̀ ló kù kí n tọ̀ sára.

Ìyà ni mo rò pé ó yẹ kí n máa bẹ̀rù. N kò mọ̀ pé àdúrà yẹn ni yóò máa lé mi kiri. Morẹ́nikẹ́ kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí gìrì fi gbé e. Bí àwọn àgbà ti ń sáré, ìdí ibùsùn ni mo wà, tí mò ń sọ nínú mi pé, oyin ni. Ọlọ́run dá a sí. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ọkọ kú nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn èèyàn ní bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀. Mo kó òun àtàwọn ọmọ wá sílé mi ní Àgùdà, mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ télọ̀ tí mò ń ṣe, a jọ jẹ ohun tó wà. Ṣùgbọ́n n kò sọ. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí n kò fi sọ.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, ní òun á mú èmi àti Morẹ́nikẹ́ lọ wo àfihàn kan ní Ìgànmú. Mùsíọ́mù kan ló gbé e kalẹ̀, lórí ìgbé ayé kòkòrò oyin. Mo rò pé a máa rí kòkòrò nínú ìgò ni. A wọlé, òkùnkùn ni, àfi ìgbà tí gbogbo ògiri tàn yòò, afárá oyin látòkè délẹ̀, ojú ihò kọ̀ọ̀kan tó gba èèyàn. Ilẹ̀ ń kùn lábẹ́ bàtà wa. Òórùn ìda gba gbogbo ibẹ̀. Kòkòrò tó tóbi tó ewúrẹ́ ń fò kọjá lórí wa, Morẹ́nikẹ́ sì sá sẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó ta mí o."

"Àwòrán ni, Màmá kékeré," Tọ́pẹ́ dáhùn.

"Àwòrán wo ló ń rùn?"

Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ láti inú ògiri, ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ní Yorùbá. Ó ní obìnrin ni gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ó ní oyin tí ọ̀kan máa ń ṣe láti ìgbà tó bá ti ń fò títí tó fi máa kú, kò kún ṣíbí tíì. Mo jókòó sórí tìmùtìmù kan, mò ń ro odindi ìgò. Morẹ́nikẹ́ jókòó tì mí, ó bi mí bóyá ó ń rẹ̀ mí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.

"Oyin tí wọ́n fi kó ọ jáde, èmi ni mo lá a. Ṣúgà ni wọ́n fi kàn ọ́ lẹ́nu."

Ó yíjú sí mi. Iná ògiri ń rìn lójú rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ku ìsàlẹ̀."

"Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe kó èmi àtàwọn ọmọ sọ́dọ̀? Tí ẹ ń fi ẹran tiyín sínú àwo mi?"

Mo ní n kò mọ̀. Bóyá níbẹ̀rẹ̀ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí gèlè rẹ̀ fi tú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá ti lá iyọ̀ náà mọ́ ọn. Ẹ̀ bá ti kọ́lé fún mi báyìí." Lẹ́yìn náà, ó mú ọwọ́ mi. "Gìrì ń gbé ọmọ tí wọ́n fi oyin gidi kó jáde náà. Èmi tí mo ní yín, ta ló sọ fún yín pé ayé mi korò?"

A jókòó síbẹ̀ títí Tọ́pẹ́ fi wá pè wá.

Ayé àtijọ́ dára, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò ní purọ́. Oyin wa mọ́, ju èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike lóde òní. Ṣùgbọ́n a kò lẹ́nu láti jẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìfẹ́, ọmọ ọmọ mi tó kéré jù, da odindi agolo mílíìkì sílẹ̀. Kò sá. Ó wá bá mi níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Màmá, èmi ni." Ojú mi kọ́kọ́ wá pàṣán, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo fún un ní àkísà. Ó nù ún, kò mọ́ tó, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó lọ ṣeré.