Ọ̀nà Wo Lẹ Máa Gbà?

Àkàrà ni ìyàwó mi ń jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí a rí ara wa kẹ́yìn, nílé wa ní Ìlaròó. Ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú bí wọ́n ṣe ń fò nínú ìkùukùu, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ iwájú wọn nìkan ni wọ́n ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì fi ìwé ọ̀nà tó máa gbà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ òfuurufú kò ní bá a gbéra.

Bí mo bá ń lọ sí Igbógilá lásán, á ní, "Bàbá Ìbejì, ọ̀nà wo lẹ máa gbà? Bí òjò bá dí i ńkọ́?"

"Igbógilá ni o, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù!"

"Ṣé wọn kì í sọnù lọ́nà Igbógilá ni?"

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ níléèwé ní òun ti bá a fi ìwé ránṣẹ́. Kò fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ìyàwó mi já lulẹ̀, a ò sì mọ igbó tí a ó wá a sí. Nígbà tí a fi máa rí i, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀gá náà wá kí mi, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló yẹ kó fi ìwé ránṣẹ́ ni?

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ sọ fún ìyá ìyàwó mi ní Ìmàṣàyí pé ara ọmọ wọn ni kò yá. Mo dá wakọ̀ lọ, ohun àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ọmọ yín ti kú."

Wọn ò tíì sunkún. Wọ́n ní, "Níbo?"

Mo júwe igbó náà fún wọn, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀.