Nọ́ńbà tí Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì Kà Sódì

Ọkọ mi kò fẹ́ràn ìbéèrè. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, bẹ́ẹ̀dì ló sì ń kàn jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì. Èmi ní tèmi, Ìyá Ìbéèrè ló sọ mí. Ó ní mo lè bi òkúta léèrè ẹni tó bí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ló fi mu sìgá kí n tó fi ìbéèrè lé sìgá náà jáde nílé.

Nígbà tí ikọ́ kan dé tí kò lọ mọ́, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí èsì jáde, òun nìkan ló lọ. Ó dé, ó jókòó sórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù.

"Jẹjẹrẹ ni, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ipele kìíní ló wà. Wọ́n ní káwọn ṣiṣẹ́ abẹ, mi ò ṣe. Kí ni wọ́n fẹ́ gé lára ohun tó ti bàjẹ́ tó yẹn?"

Èmi tí mò ń bi òkúta léèrè, mi ò rí ẹyọ kan bi í.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń palẹ̀ ayé rẹ̀ mọ́. Ó parí bẹ́ẹ̀dì tíṣà kan, ó sì gbé ìfági rẹ̀ fún Onítìmùtìmù tó ń ṣe àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti ń jà lórí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́. Ìfági tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn! Inú bí mi débi pé ẹnu mi là.

"Ẹ dìde, Bàbá wọn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ní ìbéèrè."

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá wa lóhùn. Ó ya ẹ̀dọ̀fóró méjì sẹ́yìn àpò ìwé.

"Màmá, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, wàràwàrà ló sì ń tàn. Ìkejì kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, òun ló wọ́pọ̀, òun náà ló wà lára bàbá. Tó bá wà ní ipele kìíní, ó ṣì wà lójú kan. Ipele kejì, ó lè ti dé àwọn kókó tó ń bá àrùn jà nítòsí. Ìkẹta, ó ti dé àwọn kókó àárín àyà. Ìkẹrin ló ti rìn lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ."

Ọkọ mi lanu sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ìkíní ló le jù ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, sà?"

Ó họ orí. "Sáńpépà tá a fi ń ha igi ni. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń jẹ igi tó."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá jókòó sílé, ìkíní ọ̀hún á di ìkẹrin."

Ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gé apá kan kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Tó bá gun àtẹ̀gùn ilé, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, a sì ń lọ fún àyẹ̀wò, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó lọ gba ìfági rẹ̀, Onítìmùtìmù ti nù ún, ó ti fi aṣọ wé e.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè fún mi láàyè ẹsẹ̀ bàtà kan, tẹ́ ẹ wá fún mi ní ìfági? Mo mọ̀ pé ara yín ò yá."

Lánàá ọkọ mi ń ha bẹ́ẹ̀dì, ó dédé dúró.

"Ká ní ìkẹrin ni dókítà pè lọ́jọ́ yẹn, ijó ni ǹ bá jó wálé."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo bi í bóyá ó ti lo oògùn.

"Mo ti lò ó, Ìyá Ìbéèrè," ló wí. "Bi mí ní òmíràn."