Àdúrà Tí Ọmọ Mi Kò Rí

Adití ni ọmọbìnrin mi láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ló gbọ́ èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ, òun ló sì ń túmọ̀ láàárín àwa méjèèjì. Láti ìgbà tó ti kú, ìwọ̀nba ni èmi àti ọmọ lè bá ara wa sọ. Ìwé kíkọ kò gbà wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé adití, kò lè ka Yorùbá. Èmi ti di géńdé kí n tó wọ ilé ìwé àgbà, Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹbí péjọ sí pálọ̀ mi ní Ìsìkàn kí a tó gbéra lọ sí Oǹdó, níbi tí ọkọ rẹ̀, adití bíi tirẹ̀, ti ń ránṣọ. Ó kù kí n súre fún un. Ohun kan ni mo fẹ́ kó gbé lọ: pé bí ilé ọkọ bá ni ín lára, yàrá rẹ̀ ṣì wà.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ ba.

“Ẹ jẹ́ kó máa wò mí,” mo wí.

“Kí ló fẹ́ wò? Àdúrà kì í ṣe ohun tí à ń wò. Ìwọ ṣáà máa sọ ọ́, Ọlọ́run kì í ṣe adití.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbàdúrà lórí gèlè rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́.

“Àbúrò, mú ìyẹn kúrò níbẹ̀. À ń sìn ín lọ sílé ọkọ, ìwọ ti ń pè é padà.”

Wọ́n ṣe àmín sí ìyókù. Ọmọ mi kò mọ̀ pé a ti parí títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi fọwọ́ kan apá mi, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: kí ni mo sọ? Olùkọ́ kan tó máa ń túmọ̀ ń dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óǹdó, ṣùgbọ́n ta ló ń rán àlejò ní irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú àna? Mo nàka sẹ́yìn, sí ọ̀nà ilé. Mo ṣe bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn. Mo tún nàka sí ọmọ mi. Ó wẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ bóyá kò tì dáadáa, ó tún wojú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé itan mi, ó mi orí pé ó ti yé òun.

Kò yé e. Ó kàn fẹ́ kí n sinmi ni.