Háàṣì Méje fún Bàbá Ìjọ

Iṣẹ́ mi ní Houston ni pé mo máa ń kọ ìwé ìlò fún àwọn tó bá ra ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á tẹ̀ àti ibi tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. A kì í fa lẹ́tà tóbi tàbí kí a kùn ún ní àwọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe. Àmì kéékèèké la máa ń tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Tí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ àkọlé, màá tẹ háàṣì síwájú rẹ̀, ìyẹn àmì tó dà bí ọgbà kékeré, igi méjì lóròó, igi méjì níbùú. Háàṣì kan ni àkọlé tó tóbi jù, méjì ló tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni á máa kéré lọ. Tí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ̀rọ á kó gbogbo háàṣì náà kúrò, á sì to ìwé náà dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àánú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń ṣe mí.

Lára àwọn tí àánú wọn ń ṣe mí ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi. Àwọn ni Bàbá Ìjọ ní ìjọ Aládùúrà kan ní Stafford lẹ́bàá Houston, pálọ̀ ilé wọn sì ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gba ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ń lò báyìí. Láti ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń tẹ ìwé ètò Ìkórè lọ́dọọdún. Nígbà tí mo lọ bá wọn pé mo fẹ́ kí àwọn ẹbí mi wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kàn wò mí láti orí dé bàtà.

“Wọ́n ní iṣẹ́ computer lò ń ṣe,” ni wọ́n wí. “Bá mi ṣe ìwé Ìkórè ọdún yìí. Tá a bá ti ṣe Ìkórè tán, a jọ máa sọ̀rọ̀.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lójú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni wọ́n fi ń dán mi wò. Ibí ni wọ́n bí àfẹ́sọ́nà mi sí, Yorùbá tirẹ̀ ò ju ti oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí.

“You have not seen that document,” ó ní. “O máa jẹ́wọ́.”

Mo jẹ́wọ́ lóòótọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé ọdún tó kọjá tí Bàbá fi ránṣẹ́ sí mi. Bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, ni Bàbá fi ń ti gbogbo àkọlé dé àárín ewé, bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Enter ni wọ́n máa ń tẹ̀ títí wọ́n á fi dé ojú ewé kejì. Bí ipò èèyàn bá sì ṣe ga tó nínú ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ṣe tóbi tó, nítorí pé àgbà ò gbọdọ̀ kéré ju ọmọdé lọ lórí ìwé. Mo yọ kọ́mà kan ṣoṣo kúrò lójú ewé kìn-ín-ní, olórí àwọn akọrin sì bọ́ sí abẹ́ “Oúnjẹ àti Ohun Mímu.” Mo gbìyànjú láti gbé e kúrò níbẹ̀, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ bá lọ sí ẹ̀yìn àdúrà ìparí.

Mo pa á tì, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ní ọ̀nà tèmi. Mo fún Bàbá Ìjọ ní háàṣì kan, mo fún Pásítọ̀ ní méjì, mo sì ń tò ó bọ̀ nísàlẹ̀ títí ó fi kan arábìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tí mo fún ní mẹ́fà. Ìwé náà mọ́ lójú mi. Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá pẹ̀lú háàṣì rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó kó wọn kúrò, kí wọ́n lè wò ó bóyá orúkọ gbogbo èèyàn pé.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ní kí n wá sílé. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n sì ti wọ awò ojú.

“Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?” ni wọ́n bi mí.

“Kò sí o, sà.”

“Kò sí kẹ̀? Èmi tí mo dá ìjọ sílẹ̀, ẹyọ kan. Pastor, méjì. Sister tó ń kọ́ àwọn ọmọdé, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nípò lọ́jọ́sí, mẹ́fà.”

“Sà, ẹyọ kan ló tóbi jù níbẹ̀. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ipò ń relẹ̀.”

“Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Sójà tó ní ìlà mẹ́ta lápá, ṣé ẹni tó ní ìlà kan ló máa ń pàṣẹ fún un?”

Màmá àfẹ́sọ́nà mi, tí wọ́n ń gé ilá ní kíṣìnnì, dá sí i pé, “Daddy, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jẹun ná.”

“Kò ní jẹun,” ni Bàbá dáhùn. “Ẹyọ kan ló fún mi.”

Ebi ni mo gbé padà sílé mi ní Brays Oaks.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí mo rí i lójú kọ̀ǹpútà mi pé Bàbá ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ìwé náà láti ilé wọn. Ìlà kékeré tó ń fi ibi tí ọwọ́ wọn wà hàn ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Wọ́n gba háàṣì lọ́wọ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé títí ó fi ku ẹyọ kan. Wọ́n fi kún ti olórí akọrin. Wọ́n gbé Pásítọ̀ dé mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú orúkọ tiwọn, wọ́n dúró pẹ́, mo sì di tábìlì mi mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé méje, nọ́ńbà tí àwọn Aládùúrà kì í fi ṣeré.

Mo pe àfẹ́sọ́nà mi pé mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe kíákíá.

“Do you want to marry me or not?” ló bi mí. “Leave Daddy’s hashtags alone. Má fọwọ́ kàn án.”

Mi ò fọwọ́ kàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ibẹ̀ ló sì máa tò ó.

Ọjọ́ Ìkórè ni wọ́n tó ṣí páálí rẹ̀. Orúkọ olùkọ́ àwọn ọmọdé gba ìdajì ojú ewé bíi ti pátákó ìpolówó ẹ̀bá freeway. Ojú ti arábìnrin náà débi pé ó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́. Àlejò kan tó ti ìjọ mìíràn wá tọ̀ ọ́ lọ níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní kí ó gbàdúrà fún òun. Orúkọ Pásítọ̀ kéré tíntín. Ti Bàbá ló wá burú jù. Háàṣì mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà mọ̀, èmi náà sì ti gbàgbé. Nígbà tó rí méje, kò kà á sí àkọlé rárá, ó kàn tẹ orúkọ wọn bí ọ̀rọ̀ lásán, pẹ̀lú háàṣì méjèèje níwájú rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìyàwó ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, àwọn àgbà ìjọ yí wọn ká, ojú wọn sì ń dán.

“Ẹ wo inú ìwé náà dáadáa,” ni wọ́n ń wí. “Èmi nìkan ni wọ́n fi eléyìí síwájú orúkọ mi.”

“Kí ló wá túmọ̀ sí?” ni àgbà kan béèrè.

Bàbá nawọ́ sí mi. “Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ṣàlàyé fún wọn.”

Àfẹ́sọ́nà mi wà lẹ́yìn wọn, ó ń mi orí sí mi pé kí n má dán òótọ́ sísọ wò. Irọ́ ti wà létè mi, irọ́ tó dùn, ògo méje àti ìbùkún méje. Ṣùgbọ́n bàbá tí mo fẹ́ máa pè ní bàbá mi nìyí, mi ò sì fẹ́ kí irọ́ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí màá fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, torí ó rọrùn láti sọ òótọ́ látilẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ipò mẹ́fà péré ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀. Nígbà tó kàn yín, kò mọ bó ṣe máa ṣe é, ló bá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá fa awò ojú wọn sísàlẹ̀, wọ́n sì tún ìwé náà wò.

“Ìyẹn ni pé ipò mi ju èyí tí ẹ̀rọ mọ̀ lọ.”

Mo rò ó wò níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Òótọ́ ni. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O lè parọ́ fún mi níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kó sì dùn mọ́ mi, o ò ṣe bẹ́ẹ̀.” Wọ́n ká ìwé náà sápò agbádá. “Dìde. Àwọn òbí ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ní visa?”

Omi ti bò mí lójú bí mo ṣe ń dìde. Mo ní wọn ò ní visa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Gulfton, ní Houston níbí, tí Bàbá bá ní kí wọ́n máa bọ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ báyìí, wọ́n á gbéra.